Ọmọ Tó Sanra Jù: Kí Ni Sáíkọ́lọ́jíìsì Fẹ́ Bá a Ṣe?

Dókítà gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó wọn gíga rẹ̀, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní ìwọ̀n ọmọ náà ti ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì yé òbí. Ìgbà tí dókítà bá wá fi kún un pé, "Màá fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọmọ yìí lọ rí sáíkọ́lọ́jíìsì," ni ojú máa ń yí padà. Ẹnì kan á gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ní orí ọmọ òun ti dàrú. Ẹlòmíì á gbà pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ pe òun, pé wọ́n fẹ́ fi yé òun pé òun ò mọ ọmọ tọ́. Àwọn tó kù á kàn máa bi ara wọn léèrè pé: kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ikùn? Ká sáà dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kó máa sáré kiri, ṣé kò parí síbẹ̀ ni?

Kò parí síbẹ̀. Iṣẹ́ sáíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe láti wo wèrè, kì í sì í ṣe láti bá ọmọ wí. Ohun tó yí oúnjẹ ká ló ń wò: ìgbà tí ọmọ ń jẹ, ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ tó fi ń wá nǹkan jẹ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i nílé àti níléèwé, àti bí gbogbo ará ilé ṣe ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n ń jẹun. Nígbà púpọ̀, òbí ló máa ń bá ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe ọmọ. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò retí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ìpayà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni BMI: wọ́n á fi gíga ọmọ ní mítà pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, wọ́n á tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún àgbàlagbà, 25 sókè ni wọ́n ń kà sí sísanra jù, 30 sókè sì ni wọ́n ń kà sí àìsàn. Ti ọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ ń yí padà lọ́dọọdún, ti ọkùnrin sì yàtọ̀ sí ti obìnrin, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń fi ọmọ wé àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin. Àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Nọ́ńbà tó bá jáde kì í ṣe ìdájọ́. Ó kàn ń sọ pé ó yẹ ká wo ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fínnífínní ni. Ohun kan wà tí wọn kì í tètè sọ fún òbí: ọmọ tó ṣì ń ga lè má nílò kó rù rárá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀, gíga rẹ̀ á bá a. Tí ti ọmọ bá ti pọ̀ gan-an ni dókítà lè fẹ́ kó dín kù ní tòótọ́, ìyẹn náà sì ní bó ṣe ń lọ, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí òbí sì máa ń gbé wọlé tọ sáíkọ́lọ́jíìsì ni "ẹ̀bi ta ni?" Bí wọn ò tiẹ̀ béèrè, ó máa ń hàn lójú wọn. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yìí ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 1990, nǹkan bí 8 nínú ọmọ 100 tó wà láàárín ọdún 5 sí 19 ló sanra jù. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti di 20 nínú 100, ìyẹn àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 390 lágbàáyé, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 nínú wọn sì ti dé ipele àìsàn. Kò sí bí àwọn ọmọ ayé ṣe lè dédé para pọ̀ di ọ̀lẹ àti alájẹkì láàárín ọdún 32. Oúnjẹ tó wà níta ló yí padà, pẹ̀lú ìpolówó tó ń lé ọmọ kiri, fóònù tó gba ipò eré, àti oorun tó dín kù. Ẹ̀jẹ̀ náà sì ní tiẹ̀. Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí alágbàtọ́ tọ́ dàgbà ní Denmark: ìwọ̀n ara wọn jọ ti òbí tó bí wọn, kò jọ ti àwọn tí wọ́n jẹun lábẹ́ òrùlé wọn. Nígbà tó di 1994, wọ́n rí léptìn, họ́mọ̀nù kan tí ọ̀rá ara fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìpèsè ti wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà láyé tí ara wọn ò lè ṣe é, ebi kì í sì í dáwọ́ dúró lára wọn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní tètè sọ fún ọmọ pé ọ̀kánjúwà ló ń dà á láàmú.

Ìtìjú kì í mú ọmọ rù

Lọ́dún 1961, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n gbé àwòrán ọmọ mẹ́fà síwájú àwọn ọmọ ọdún 10 àti 11. Ọmọ kan nínú àwòrán náà, ara rẹ̀ pé. Ọ̀kan ń fi igi rìn, ọ̀kan wà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, ọ̀kan ò ní ọwọ́ kan, àbùkù wà lójú ọ̀kan, ọ̀kan tó kù sì sanra. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tò wọ́n láti orí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ọmọ tó sanra ló gbẹ̀yìn. Ní 2003, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ èsì irú ìwádìí kan náà jáde. Ọmọ tó sanra ṣì ni ìkẹyìn, àlàfo tó wà láàárín òun àti ọmọ tí ara rẹ̀ pé sì ti fẹ̀ sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọmọ ọdún 10 ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ èyí fún un. Ó mọ ẹni tí wọ́n máa ń yàn kẹ́yìn bí wọ́n bá ń pín ẹgbẹ́ eré. Ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn rẹ̀ á tún wá fi tiwọn kún un, nítorí wọ́n gbà pé bí ojú bá tì í dáadáa, á jẹun níwọ̀n. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ á sá fún pápá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i bó ṣe ń sáré. Á jókòó sílé. Inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ohun dídùn máa ń mú ìbànújẹ́ fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà á wá a lọ. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ojú á tún tì í, ohun tó kù tó máa rò ni bó ṣe máa fi pamọ́ nígbà mìíràn. Nígbà tó bá yá, kò nílò ẹlẹ́yà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ á máa sọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ìsoríkọ́ àti àníyàn máa ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ara ṣẹ̀sín, àwọn náà ló sì máa ń sanra sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Egbò ni ẹlẹ́yà ń dá.

Ẹlẹ́yà yìí máa ń wọ inú ilé gan-an. Orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Ìbátan tó wá kí wọn tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹnu rẹ̀ jẹ́ "Háà, o mà tún ti tóbi sí i!" wà níbẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín nítorí kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dùn ún. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ Minnesota àti òbí wọn, fi àwọn òbí tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara wé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó ń ṣara lóore láì mẹ́nu ba ìwọ̀n. Àwọn ọmọ ti àkọ́kọ́ ló ń febi pa ara wọn, tí wọ́n sì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti rù, ju ti èkejì lọ. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fà á. Òbí tó ti rí nǹkan lára ọmọ lè tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìwádìí kan tó fi hàn pé yẹ̀yẹ́ mú ọmọ kankan rù pẹ̀lú àlàáfíà.

Nínú yàrá náà

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìjókòó àkọ́kọ́. Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, wá. Kó tó jókòó ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Mo ti sọ títí ó ti sú mi. Kì í gbọ́. Àná yìí ni mo rí ọ̀rá bisikíìtì mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Ọmọ náà tẹ orí ba. Sáíkọ́lọ́jíìsì ò bi í léèrè ìdí tó fi jí bisikíìtì. Ìyá ló kọjú sí.

"Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ. Aago mélòó ló dé láti iléèwé?"

"Aago méjì."

"Ta ló wà nílé?"

"Kò sẹ́nì kankan. Aago márùn-ún ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́."

Ó wá yíjú sí ọmọ. "Látìgbà tó o bá ti wọlé títí mọ́mì á fi dé, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wo tẹlifíṣọ̀n." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìgbà míì, ẹ̀rù máa ń bà mí."

Ìyá ò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọ̀rá bisikíìtì, ó ti di ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta tí ọmọ ń dá gbé. Ṣé ẹnì kan lè wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀? Ṣé ó lè dúró níléèwé fún eré tàbí iṣẹ́ àṣetiléwá? Ṣé mọ́mì lè pè é lórí fóònù ní aago mẹ́ta? Ṣé wọ́n lè gbé oúnjẹ gidi sílẹ̀ dè é lórí tábìlì, kó má baà jẹ́ pé ebi iléèwé àti ẹ̀rù ló jọ ń lé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù? Ọ̀nà ìwádìí yìí rọrùn láti sọ: kí ló ṣáájú, kí ni ọmọ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e. Ó ṣòro láti ṣe nílé, torí pé inú ti ń bí òbí kó tó dé orí ìbéèrè kìíní.

Ọ̀nà ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n fi ń bá òbí sọ̀rọ̀. William Miller, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, kọ nípa rẹ̀ ní 1983 látinú iṣẹ́ tó ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń mu ọtí jù, ó sì ti wọ ibi ìtọ́jú ọmọdé báyìí. Dípò kí wọ́n máa wàásù, wọ́n á béèrè pé, "Láti 0 dé 10, báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ yín lógún tó?" Bàbá á ní 6. Ohun tí ènìyàn máa retí ni pé kí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ 10. Wọn kì í béèrè ìyẹn. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 3?" Láti dáhùn, bàbá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ka ìdí tó fi fẹ́ kí nǹkan yí padà. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa ń ṣòro láti bá jiyàn.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń fi gbogbo ẹbí ṣe. Leonard Epstein, tó ń ṣiṣẹ́ ní Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, wà lára àwọn tó là á sílẹ̀. Ó pín oúnjẹ sí àwọ̀ iná ojú títì: àwọ̀ ewé, kí ẹ máa jẹ ẹ́ dáadáa, àwọ̀ ìyeyè, ẹ wọ̀n ọ́n, pupa, ẹ jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ àwọ̀ oúnjẹ kọ́ ni kókó ibẹ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé òbí pẹ̀lú ọmọ ló jọ ń yí ìwà padà, tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ ohun tí wọ́n jẹ àti bí wọ́n ṣe ṣeré sílẹ̀, tí òbí sì ń kọ́ bí a ṣe ń yin ọmọ fún ohun pàtó tó ṣe. Lọ́dún 1990 ó tẹ èsì ọdún mẹ́wàá jáde: àwọn ọmọ tí wọ́n bá òbí wọn ṣe é pọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí ìtọ́jú wọn ò rí bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 2023, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n lè ṣe irú ìtọ́jú yìí ní kílíníìkì tí àwọn ọmọ ti ń gba ìtọ́jú déédéé, fún ọmọ ọdún 6 sí 12. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti àwọn ọmọ ìyá wọn tó sanra jù bákan náà: ẹnikẹ́ni ò tọ́jú wọn, síbẹ̀ ìwọ̀n tiwọn náà gbọ́ ìtọ́jú, nítorí pé ilé tí wọ́n ń gbé ti yí padà.

Ní San Diego, wọ́n tiẹ̀ dán an wò bóyá ọmọ gbọ́dọ̀ wá rárá. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìtọ́jú tí òbí nìkan wá fún kò rẹ̀yìn sí èyí tí òbí àti ọmọ jọ wá. Fún ọmọ tí ojú máa ń tì tàbí tó ti gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ lè lọ láì mú un dání.

Bí wọ́n bá wá ń sọ fún yín pé ìjókòó kan tàbí méjì ti tó, ẹ ṣọ́ra. Ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023 ni wákàtí 26 ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́ta sí méjìlá. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ò ní rí i gbà tán, ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí gbà náà dára ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìwà ilé kì í yí padà nínú ìjókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan.

Títìpa, fífi bẹ̀, fífi pamọ́

Ibi tí èmi rò pé òbí ti máa ń ṣe wàhálà jù láìmọ̀ nìyí. Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì, Jennifer Fisher àti Leann Birch, gbé ìpápánu kan síbi tí ojú àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn ò tó, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ mìíràn kalẹ̀ fàlàlà. Èyí tí wọ́n ká lọ́wọ́ kò ni àwọn ọmọ ń dárúkọ, òun ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún, òun náà ni wọ́n ṣùrù bò nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tì pa nínú ilé kì í kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó ń kọ́ ọ pé ohun iyebíye kan wà níbẹ̀.

Èyí kò wá ní kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà ni kẹ́ ẹ ti ṣèpinnu, kì í ṣe ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ kí ọmọ máa jẹ lójoojúmọ́, ẹ má rà á lọ́pọ̀ wálé. Ìgbà tó bá wà, kí gbogbo ilé jẹ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń dun ọmọ tó kí wọ́n gbé ohun dídùn fún àbúrò rẹ̀ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí wọ́n sì gbé omi fún un. Ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ọmọdé fẹ́ràn máa ń yanjú ìjà yìí: òbí ló máa pinnu ohun tí ilé máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n máa jókòó sí, ọmọ ló máa pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó, bóyá ó tiẹ̀ máa jẹ rárá. Ó ṣòro fún òbí tó ti mọ́ lára láti máa ka òkèlè ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní lè rí rúdurùdu. Sáíkọ́lọ́jíìsì wà níbẹ̀ láti bá òbí gba ọ̀sẹ̀ náà kọjá.

Ti fífi oúnjẹ bẹ̀ tún wà. "Tó o bá jẹ ẹ̀fọ́ yẹn tán, màá fún ẹ ní ohun dídùn." Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ìyà ni ẹ̀fọ́, ẹ̀bùn ni súgà. Tàbí kí ọmọ máa sunkún, kí wọ́n sì fi suwíìtì dí i lẹ́nu. Lọ́dún mélòó kan sí i, bí ọkàn rẹ̀ bá ti dàrú, ó mọ ibi tó máa gbà lọ. Ẹ̀bùn tí àwọn sáíkọ́lọ́jíìsì máa ń dábàá kò ní oúnjẹ nínú: kí ọmọ yan eré tí gbogbo ilé máa ṣe lọ́jọ́ Sátidé, kó pẹ́ díẹ̀ kó tó sùn, kí òun àti bàbá nìkan jọ jáde lọ síbì kan.

Òbí náà ní ọkàn. Mo ń sọ ọ́ torí pé wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìyá tó ń sanra láti kékeré, tí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà títí tó fi dàgbà, ẹ̀rù tó ń bà á fún ọmọ rẹ̀ lè pọ̀ débi pé òun gan-an ló máa ń tutọ́ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Bí ó bá dúró níwájú dígí tó ń sọ pé "Ẹ wo bí mo ṣe rí gbàǹgbà bí àgbá," ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́, ó sì ń wo ara tirẹ̀. Bàbá àti ìyá tún lè máa fa ọmọ láàárín: ọ̀kan ń lé e kúrò nídìí tábìlì, èkejì ń yọ́ fún un lẹ́yìn. Nítorí náà, má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí sáíkọ́lọ́jíìsì bá lo ìjókòó méjì gbáko lórí ẹ̀yin tọkọtaya, tàbí kó sọ pé kí ọ̀kan nínú yín lọ gba ìtọ́jú ìsoríkọ́ tirẹ̀. Òbí tí kò sùn, tí kò sinmi, kò lè ní sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń béèrè.

Ní ti iléèwé, àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀: "Má dá wọn lóhùn" àti "Gbá wọn padà." Èkíní fi ọmọ sílẹ̀ ní òun nìkan, èkejì sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ láì jẹ́ kí ọmọ dá kojú wọn. Nínú yàrá sáíkọ́lọ́jíìsì, ọmọ á máa fi èsì kúkúrú kan dánra wò, bíi "Mi ò fẹ́ràn ohun tó o sọ yẹn," á sì kúrò níbẹ̀ láì sáré, láì sunkún. Wọ́n á fi ṣeré, sáíkọ́lọ́jíìsì á ṣe bí ẹni tó ń fi í ṣẹlẹ́yà, ọmọ á dáhùn, títí ohùn rẹ̀ á fi dúró.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró

Ẹ̀rù kan máa ń ba àwọn òbí tó ti kàwé nípa ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kì í ṣe pé ìtọ́jú gan-an ló máa sọ ọmọ di ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí pa pọ̀ tó jáde ní 2019 fi hàn pé ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ bójú tó kì í dá àìsàn tó ń da ìwà ìjẹun rú sílẹ̀. Àmì rẹ̀ tiẹ̀ máa ń dín kù, ìsoríkọ́ àti àníyàn náà sì máa ń fúyẹ́. Èyí tó léwu ni èyí tí ọmọ dá bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ látinú ohun tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, ẹ tètè wá dókítà bí ọmọ bá ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá ń fo oúnjẹ fún odindi ọjọ́, bó bá ń sọ pé òun máa ń jẹun tí òun ò lè dá a dúró bí òun tiẹ̀ fẹ́, tàbí bí òyì bá ń kọ́ ọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fò dá ni ti ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá ń rù wìtìwìtì. Gbogbo ayé ń kí i, wọ́n ń ní "O mà gbìyànjú!" nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń dákú lọ nínú. Ọmọ lè ní àìsàn ìfebipara-ẹni tó le gan-an kí ojú tó rí i pé ó tín-ín-rín. Bó bá sì ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tí ẹ rí i pé ó ń fi nǹkan ya ara rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Fún àwọn tó ti bàlágà, apá kan nínú ìjókòó máa jẹ́ tiwọn nìkan, láìsí òbí. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ máa wà níbẹ̀, àfi bí ẹ̀mí wọn tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Ẹ má gbà á sí àfojúdi. Oògùn tún wà: láti ìparí 2022 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ semaglutide fún àwọn ọmọ ọdún 12 sókè tí ìwọ̀n tiwọn ti dé ipele àìsàn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù náà sì wà fún àwọn kan. Kò sí èyí tó gba ipò ìrànlọ́wọ́ ọkàn nínú wọn. Abẹ́rẹ́ lè dín ebi kù. Kì í sọ fún ọmọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó ń fi oúnjẹ pa rẹ́ tẹ́lẹ̀.

Bí kò bá sí sáíkọ́lọ́jíìsì nítòsí, nọ́ọ̀sì, dókítà ẹbí tàbí olùdámọ̀ràn iléèwé tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn kan sì ń ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa wá sí ìjókòó, ọmọ nìkan tàbí ẹbí? Ibo ni wọ́n á ti máa wọn ọmọ, níkọ̀kọ̀ tàbí níṣojú àwọn ọmọ mìíràn? Bí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó mọṣẹ́ á dárúkọ oorun, eré, bí ọmọ ṣe ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, bó ṣe ń jẹun láì fi pamọ́, bí tábìlì oúnjẹ ṣe ń rí láìsí ìjà. Ẹni tó bá ṣèlérí iye kílò tí ọmọ máa sọ nù kí oṣù tó parí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn lọ.